Jẹ́sì Collingwood nọ́ńbà 35 tí mo rà fọ́mọ mi: ìràwọ̀ 4 nínú 5

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Melbourne tọ́mọ yín ò jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi nítorí jẹ́sì Collingwood, kíláàbù tó ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Australia, kì í ṣe sọ́kà o, ẹ wá gbọ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i lọ́wọ́ ẹnì kan tí mi ò ní dárúkọ, ó pọ́ọ́kú, ojú mi wọ̀ ọ́, ni mo bá sanwó. Ìfọ̀ àkọ́kọ́ báyìí, 3 ẹ̀yìn ẹ̀ ṣí dànù, ó ku 5 nìkan. Ọmọ bú sẹ́kún, ó ní òun ò lè wọ nọ́ńbà ẹlòmíì kiri. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, kò fèsì títí dòní.

Mo wá lọ ra ojúlówó ní ṣọ́ọ̀bù. Owó ẹ̀ dùn mí o, ó tó ra àpò ìrẹsì lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa tó ń tajà níbí, ibẹ̀ gan-an ni mo ti yọ ìràwọ̀ kan. Àmọ́ aṣọ yẹn dáa. Kò lápá, bíi síńgílẹ́ẹ̀tì ló rí, ìlà dúdú àti funfun ló sọ̀ kalẹ̀ lára ẹ̀, mo sì ti fọ̀ ọ́ ju ìgbà mẹ́wàá lọ, nọ́ńbà ẹ̀ ò ṣí létí. Ẹ ra èyí tó tóbi díẹ̀ ju ọmọ lọ ṣá, torí ìgbà òtútù ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, sùwẹ́tà gbọ́dọ̀ gba abẹ́ ẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 35? Nick Daicos, agbábọ́ọ̀lù Collingwood, ni. Bàbá ẹ̀, Peter, ló ti wọ 35 yẹn rí, ó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 250 fún Collingwood, góòlù 549. Wọ́n ní òfin kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní father-son, pé tí bàbá ẹ bá ti gbá tó 100 fún kíláàbù kan, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ. Lọ́dún 2021, níbi tí àwọn kíláàbù ti ń tò yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù, kíláàbù Gold Coast nawọ́ sí Nick ní ipò kẹrin, Collingwood ní rárá o, tiwa ni. Èmi wá ń fi Nick ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn, mo ní tọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, kí wọ́n rọra máa pariwo.

Ó tì mí lójú. Ipò 17 nínú kíláàbù 18 ni Collingwood ṣe kó tó dé. March 2022 ló kọ́kọ́ wọ pápá, pẹ̀lú St Kilda, ọmọ ọdún 19, wọ́n sì borí. Nígbà tí ọdún yẹn máa fi parí, òun ló gba Rising Star, àmì ẹ̀yẹ àwọn ọ̀dọ́. Ọdún kejì ló wá le jù, ó fi orúnkún ṣèṣe nígbà tí wọ́n ń bá Hawthorn gbá a, àwa rò pé ó tán fún un, àfi bó ṣe padà wá níbi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ṣáájú fáínà, wọ́n sì fi póìntì kan ṣoṣo na kíláàbù GWS, 58 sí 57! Ọmọ mi ò jẹ́ ká gbádùn nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní fáínà, wọ́n fi 90 sí 86 na Brisbane, èèyàn 100,024 ló wà ní MCG, pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Melbourne níbí, ohun tó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé góòlù 12 ni Collingwood jẹ, Brisbane jẹ 13. Góòlù kan, póìntì 6, àmọ́ tó bá fẹ̀gbẹ́ òpó kọjá wọ́n á fún ẹ ní 1, Collingwood sì ní irú ẹ̀ 18. Níbo ni wọ́n ti ń fún èèyàn ní nǹkan torí pé ó ṣì í gbá?

Ohun kan tí mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, wọn kì í kọ orúkọ sẹ́yìn jẹ́sì yìí, nọ́ńbà nìkan ni. Lọ́jọ́ Sátidé kan a wà ní stéṣọ̀n Richmond, bàbá àgbà òyìnbó kan rí ẹ̀yìn ọmọ mi, ó na ọwọ́ sókè, ó pariwo, "Peter!" Ọmọ mi yíjú padà, ó ní, "Nick ni o, sà." Bàbá yẹn ń rẹ́rìn-ín, ó tún pe Peter, tọ̀hún ní Nick, wọ́n ń bá ara wọn fà á títí reluwé fi dé.