Bí mo ṣe to láptọ́ọ̀pù mi kí orin lè mọ́ létí: FiiO E10K àti foobar2000

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni mo fi ń dán ẹ̀rọ orin wò. Bí ẹ̀rọ kò bá dára, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa dún ṣàà bí òjò lórí páànù. Bó bá dára, ẹ ó gbọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń gbá igbá lára. Fún ọdún mẹ́ta, òjò orí páànù ni mo ń gbọ́ nínú láptọ́ọ̀pù mi nílé wa ní Adó-Èkìtì, hẹ́dífóònù mi ni mo sì ń dá lẹ́bi.

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà mọ̀, kò mọ orin. DAC ló ń sọ nọ́ńbà náà di iná tí hẹ́dífóònù lè fi dún. Gbogbo láptọ́ọ̀pù ló ní tirẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n àárín àwọn ohun tó ń fa iná sọ́tùn-ún sósì ló há sí, ariwo wọn a sì máa wọnú orin. Lórí tèmi, bí mo bá ti fọwọ́ kan mouse báyìí, màá gbọ́ "sííín" létí.

Mo wá DAC tó dá wà níta láptọ́ọ̀pù, FiiO E10K. Kò sí i nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí mo béèrè dé ní Adó. Èkó ni wọ́n ti fi í ránṣẹ́, mo lọ gbà á ní gáréèjì. Ojú USB ló ti ń gba iná, kò sì ní kí n fi ohunkóhun kún Windows. Ọjọ́ náà gan-an ni "sííín" dákẹ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí. Windows a máa da gbogbo ìró pọ̀, orin, fídíò, WhatsApp, á wá sọ gbogbo wọn di ìwọ̀n kan ṣoṣo. Ìwọ̀n tèmi wà ní 48 kHz, ìyẹn nọ́ńbà ẹgbẹ̀rún méjìdínláàádọ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bẹ́ẹ̀ 44.1 kHz ni orin CD, nítorí náà gbogbo orin mi ló ń tún ṣírò. Mo wá lo foobar2000, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gbọ́ orin, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo wọ Preferences, Playback, Output, mo sì yan orúkọ FiiO tí wọ́n kọ "exclusive" sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà, bí orin ṣe wà nínú fáìlì ló ń jáde. Ohun tí ẹ ó fi san án ni pé nǹkan mìíràn kò ní dún lórí FiiO bí orin bá ń lọ lọ́wọ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ìyọnu tó gba oorun lójú mi ni ti áńpílífáyà àtijọ́ tí bàbá mi fún mi. Bí mo ti so ó mọ́ ẹ̀yìn FiiO ni spíkà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn "wùùù". Mo pààrọ̀ wáyà, mo pààrọ̀ ojú USB, ìrọ̀lẹ́ méjì gbáko. Ní ìrọ̀lẹ́ kẹta, wọ́n mú iná lọ. Mo tan gẹnẹ, mo gbàgbé láti ki ṣájà padà, ni mo bá ṣàkíyèsí pé kíkùn ti tán. Mo ki ṣájà, ó padà. Mo yọ ọ́, ó lọ. Wáyà tó wọlẹ̀ lára ṣájà àti ti áńpílífáyà ló ń pàdé ní ọ̀nà méjì, wáyà orin ló wà láàárín wọn, iná wá ń yí po nínú rẹ̀. Bátìrì nìkan ni mo fi ń gbọ́ orin lórí spíkà báyìí. Lórí hẹ́dífóònù, kò sí wàhálà.

E10K tèmi kò kọjá 24-bit àti 96 kHz (bit ni bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó). Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú. 44.1 kHz ti gbé ohùn tó ga dé 22 kHz, ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà ẹgbẹ̀rún méjìlélógún ní ìṣẹ́jú-àáyá, etí èèyàn kì í sì í sábà kọjá 20. Tèmi, ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, kò dé ibẹ̀. Mo ní kí àbúrò mi máa yí orin kan náà láti ti CD sí 24/96 (24-bit, 96 kHz) láìjẹ́ kí n wò ó, n kò lè dá wọn mọ̀ dájú. Bẹ́ẹ̀, láìfún un pọ̀, ojú kan àwo jùjú tó gba ogún ìṣẹ́jú lè súnmọ́ 700 MB ní 24/96. FLAC, irú fáìlì orin kan, ń dín in kù láìsọ nǹkan kan nù, síbẹ̀ dátà ń lọ.

Ibi tí ẹ ti níláti ṣọ́ra ni orísun orin. Ẹnì kan ta FLAC fún mi. Nígbà tí mo fi Spek, ètò tó ń ya àwòrán bí ohùn inú fáìlì ṣe ga tó, wò ó, gbogbo ohùn gé ní nǹkan bíi 16 kHz. MP3 kékeré ni ó sọ di FLAC. Inú bí mi gidigidi, torí ohun tí MP3 bá ti gé dànù kò lè padà mọ́.

Ó ku àwọn àwo Elemure Ogunyemi, olórin ìbílẹ̀ Èkìtì, tí bàbá mi tọ́jú sí Ìkéré. Mo fẹ́ gbà wọ́n sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, níbẹ̀ ni 24-bit ti wúlò gan-an, torí mo lè dín ohùn kù nígbà gbígbà kí ìlù tó bá bú jáde lójijì má baà fọ́. FiiO yìí kò lè gba orin wọlé, ẹ̀rọ mìíràn ni màá rà.