FSRU, ọkọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ èbúté gáàsì: ohun tí mo rí nínú rẹ̀

Ẹni tó bá nílò èbúté gáàsì kíákíá, tó sì ní ibi tí omi ti pa rọ́rọ́, FSRU ni kó mú. Yàrá ìdarí ẹrù inú irú ọkọ̀ yìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ jẹun, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń gba gáàsì olómi, ìyẹn LNG, lọ́wọ́ ọkọ̀ mìíràn, á tọ́jú rẹ̀ sínú táǹkì, á fi omi òkun mú un móoru títí á fi padà di gáàsì, á sì tì í gba inú páìpù lọ sórí ilẹ̀.

Lóòótọ́ ló yá. Nígbà tí gáàsì Rọ́ṣíà já lọ́wọ́ Jámánì ní 2022, orílẹ̀-èdè náà kò ní èbúté LNG kankan. Kí ọdún náà tó parí, FSRU kan tó ń jẹ́ Höegh Esperanza ti gúnlẹ̀ sí èbúté Wilhelmshaven, gáàsì sì ti ń wọlé. Lithuania ti gbé tirẹ̀, Independence, wá sí Klaipėda láti 2014. Wọ́n kọ́kọ́ yá a ni, ẹ̀yìn náà ni wọ́n rà á pátápátá. Èbúté gáàsì tó wà lórí ilẹ̀ kò ṣe é yá wò bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí ẹrù bá ń wọlé lẹ máa ń mọ ọkọ̀ tó dáa. LNG tutù dé ìwọ̀n Celsius 162 nísàlẹ̀ òdo, ẹnikẹ́ni kì í sì í ṣí i gbàgà. Díẹ̀díẹ̀ la máa ń rán an gba inú páìpù, torí irin tó bá tutù lójijì á súnkì lójijì, ojú ìsopọ̀ á sì jò. Ní gbogbo àsìkò yẹn, omi òkun gbọ́dọ̀ máa ṣàn bo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nísàlẹ̀ ojú ìsopọ̀. Bí LNG bá ta sí irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí omi kò bò, irin náà lè là. Ìgbà tí yìnyín funfun bá bo páìpù yí ká, tí ibì kankan kò sì jò, lọkàn mi máa ń balẹ̀. Bí ọkọ̀ tó gbé ẹrù wá bá sún jù, fáàfù méjèèjì á pa, ìsopọ̀ á sì tú fúnra rẹ̀. Ẹ má gba ọkọ̀ tí wọn kò bá dán èyí wò lójú yín.

Gáàsì tó ń hó ló máa ń dùn mí. Bó ti wù kí wọ́n di táǹkì tó, ooru díẹ̀ á wọlé, ẹrù á sì máa hó tọ̀sán-tòru. Bí àwọn ará orí ilẹ̀ bá ń gba gáàsì dáadáa, a ó pò ó mọ́ LNG tó ń jáde, á sì padà di olómi. Àmọ́ bí wọ́n bá ní ká dín in kù, gáàsì á máa fún pọ̀ nínú táǹkì, títí a ó fi máa jó ohun tí ẹnì kan ti sanwó rẹ̀. Iye gáàsì tó pọ̀ jù tí ọkọ̀ lè tì jáde ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sínú ìwé. Èyí tó kéré jù tí ọkọ̀ lè tì jáde láìjó ẹrù ni kẹ́ ẹ béèrè.

Omi òkun tí ọkọ̀ bá dà padà máa ń tutù, klórínì tí wọ́n fi ń lé ohun oníkarahun kúrò nínú páìpù sì lè wà nínú rẹ̀. Nítorí klórínì yìí ni àwọn tó ń jà fún àyíká ṣe gbógun ti ọkọ̀ Wilhelmshaven, mo sì gbà pé wọ́n jàre.

Lójú agbami ńkọ́? Ní Ítálì, èbúté gáàsì kan tó ń jẹ́ Adriatic LNG jókòó sórí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun. Kọnkéré ńlá tí wọ́n kọ́ sí Algeciras ní Sípéènì ni, wọ́n sì wọ́ ọ wá ní 2008. Òun kì í mì, ọkọ̀ tó wá já ẹrù nìkan ló ń mì, nítorí náà òun ni màá yàn fún ibẹ̀. FSRU Toscana náà wà lójú agbami, kìlómítà 22 sí Livorno. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é mọ́lẹ̀ níwájú, ó ń yí bí ìjì bá ṣe ń fẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mímì ni òun àti ọkọ̀ ẹrù jọ ń mì. Ẹni tó bá fẹ́ irú rẹ̀, kó ra táǹkì tí ẹrù inú rẹ̀ á tó lò fún gbogbo ọjọ́ tí ìgbì lè fi dá ọkọ̀ ẹrù dúró.