Òdòdó tí mo rà létí títì n'Ìbàdàn: ohun tójú mi rí láti 2023

Ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ilé tuntun la kó wọ̀ lọ́dún 2023, fẹ́ǹsì wà níhòòhò, oòrùn ń pa wá, la bá yà lọ́dọ̀ bàbá olódòdó kan tó to ọjà ẹ̀ sétí títì nínú láílọ́ọ̀nù dúdú dúdú yẹn.

Bougainvillea ni mo kọ́kọ́ nawọ́ sí, mẹ́rin, ₦2,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí mo ti ná an títí ẹnu fi bó. Mo gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, mò ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, mo tún ń da ìgbẹ́ adìẹ sí i. Ẹ ò bá rí ewé! Ewé ń ga, ẹ̀gún ń ga, òdòdó ò yọjú fún odidi oṣù mẹ́jọ. Mo fìbínú padà lọ, bàbá kàn ń rẹ́rìn-ín ni, ó ní "Màmí, ẹ bọ́ ọ yó jù, ẹ jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́." Mo dáwọ́ omi dúró, mo gé orí ẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé gbogbo fẹ́ǹsì ti pọ́n. Ohun tó ń pọ́n yẹn kì í tiẹ̀ ṣe òdòdó o, ewé ni, òdòdó gangan ni funfun tíńtín tó wà láàárín ẹ̀, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni. Ẹ̀gún ẹ̀ ti bẹ́ bọ́ọ̀lù ọmọ mi mẹ́ta ṣá.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìtàkùn kan tí bàbá fúnra ẹ̀ ò mọ orúkọ ẹ̀, Google ló sọ fún mi pé Rangoon creeper ni. Tó bá tanná nírọ̀lẹ́ funfun ni, tó bá dọjọ́ kejì á ti máa pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, kó tó rẹ̀ á ti pọ́n wẹ̀ẹ̀, òórùn ẹ̀ lálẹ́, áà, ẹ jẹ́ á fi sílẹ̀. Àmọ́ ó wúwo, ó ti fa wáyà wa já, páìpù irin ni báálé mi padà rì mọ́lẹ̀ fún un.

Ibi tí bàbá ti ṣẹ̀ mí rèé. Ó ní ká gbin panṣẹ́kẹ́, igi flamboyant yẹn, sẹ́nu géètì, yóò ṣe ìbòòji fún wa. Kò bi wá bóyá ilẹ̀ wa tó o! Ẹ̀gbọ́n mi ló wá kí wa tó pariwo, pé gbòǹgbò ẹ̀ kì í wọlẹ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ ló ń nà sí, á hú íńtálọ́ọ̀kì, á sì wá sókàwéè kàn. A hú u, a fi Pride of Barbados rọ́pò, òdòdó wọn jọra, òun ò sì ní di igi ńlá.

Èyí tó dùn mí jù ni olómi-òjò tó fi ṣe èènì fún mi. Òdòdó yẹ́lò tó rẹwà ni lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló rí kóró ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ mi tó gbà á sọnù, ó ní májèlé ni, ó máa ń kọlu ọkàn èèyàn. Bàbá ò sọ nǹkan kan fún wa! Ọjọ́ yẹn náà la hú u.

Nínú máàkì márùn-ún, mẹ́ta ni mo fún bàbá olódòdó yìí, torí ọjà ẹ̀ kì í kú, ó sì máa ń gbọ́ téèyàn bá padà wá jà. Ixora ni mo fẹ́ lọ rà lọ́jọ́ Sátidé yìí. Tó bá tún nawọ́ èènì sí mi, á kọ́kọ́ sọ fún mi bóyá ọmọ lè fi sẹ́nu.