Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Panṣẹ́kẹ́, Abẹ́òkúta, fún pọtifólíò (ìwé àkójọ iṣẹ́ ọwọ́) ayàwòrán-ilé

Ẹni tó ń wá àyè láti gboyè kejì nínú yíya àwòrán ilé, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, lè gbọ́kàn lé ṣọ́ọ̀bù yìí. Ojú ìwé 20 péré, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Bébà gíráàmù 170 wọn dáa gan-an: ìlà 0.1 mm, tín-ín-rín bí irun, hàn ketekete.

Ibi dídì ló kù díẹ̀ káàtó. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé máa ń gbé etí inú mì, àwòrán tó bá na ojú ìwé méjì á sì já láàárín. Ẹ fi 15 mm sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ fi 3 mm kún etí tí wọ́n máa gé. PDF ni kí ẹ gbé lọ, kí àwòrán jẹ́ 300 dpi (àmì 300 nínú íǹṣì kan). Èyí tó bá ti gba orí WhatsApp kọjá á ṣe bàìbàì.

Bí iṣẹ́ kò bá pọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fọ́tò dí àyè. Ẹ lọ wọn ìsọ̀ aládìrẹ kan ní Ìtòkú, ẹ yà á ní ìwọ̀n 1:50 (1 cm lórí bébà dúró fún 50 cm): òrùlé páànù, okùn tí wọ́n sá aṣọ lé, ibi tí òjìji dé lọ́sàn-án. Ojú ìwé 4 nìyẹn, iṣẹ́ gidi sì ni.