Ìkìlọ̀ fún ará Ifẹ̀: ẹ má ra wallet tí wọ́n ti bá yín tò sílẹ̀

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ra kírípítò pamọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ọkùnrin kan ń gbé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní wallet, tí a fi ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ kírípítò, kiri láàárín Mayfair sí Lágere, ó sì ní àwọn ọmọ tó ń bá a tà á. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn ti bá yín tò ó tán, kí ẹ kàn máa fi owó sí i. Ẹ má rà á.

Màmá kan tó ń ta aṣọ ládùúgbò wa ní Parákin ló kó sí i lọ́wọ́. Ledger gidi, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ wallet tó gbajúmọ̀, ni ọkùnrin náà tà fún wọn, kì í ṣe ayédèrú. Páálí rẹ̀ mọ́ tónítóní, ọ̀rá sì wà lára rẹ̀. Káàdì kan wà nínú páálí náà tí wọ́n fi eérú bò lójú, irú èyí tí a máa ń họ lára káàdì ìpè. Màmá họ ọ́, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 24 jáde, ọkùnrin náà sì fi dá wọn lójú pé màmá nìkan ló mọ̀ ọ́n láyé. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣí ẹ̀rọ, wọ́n ń ra USDT, kírípítò tí iye rẹ̀ ń bá dọ́là dọ́gba, síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin yẹn ò fọwọ́ kàn án. Ó ń wò ó, ó jẹ́ kó pọ̀. Ìgbà tí màmá kó àjọ, tí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ ra USDT, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tó ti kó o tán. Ẹ̀rọ náà ṣì wà nínú àpótí tí wọ́n tì í mọ́.

Ibi tó ṣókùnkùn sí ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn. Owó kò sí nínú ẹ̀rọ. Orí blockchain, ìwé àkọsílẹ̀ tó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, ni kírípítò wà. Kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń gbé e ni wallet ń tọ́jú, inú ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 tí àwọn ọmọ wa ń pè ní seed phrase ni kọ́kọ́rọ́ náà sì ti ń jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀rọ̀ yẹn, ì báà jókòó sí Sábó tàbí sí Ṣáínà, yóò tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù tirẹ̀, yóò sì kó owó náà lọ. PIN yín ò lè dí i lọ́wọ́, nítorí kò ní ohunkóhun í fi ẹ̀rọ yín ṣe. Ọkùnrin yìí ló tan Ledger náà fúnra rẹ̀, ó da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ, ó tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì, ó wá fi ọ̀rá tuntun dì í padà. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Ní 2018, ẹnìkan ní òkè òkun ra Ledger lórí eBay, káàdì onéérú báyìí ló bá nínú páálí, gbogbo owó rẹ̀ sì lọ.

Ẹ̀rù CBEX, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kó owó sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé yóò bí èrè, ló jẹ́ kí ọjà wọn máa yá níbí. Látìgbà tí CBEX ti dojú dé ní oṣù kẹrin ọdún 2025, tí àwọn tínú ń bí lọ tú ọ́fíìsì rẹ̀ n'Ìbàdàn, ìmọ̀ràn tí gbogbo wa ń gbọ́ ni pé ká má fi owó wa sọ́wọ́ ẹlòmíì mọ́. Ìmọ̀ràn náà dára. Mt. Gox, exchange kan (ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ra kírípítò, tí wọ́n sì ń tà á) ní Japan, kéde ní 2014 pé nǹkan bí 850,000 bitcoin ti dàwátì. FTX, exchange mìíràn, náà ṣubú ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Àmọ́ àwọn gbájúẹ̀ náà gbọ́ ìmọ̀ràn yìí, wọ́n sì sọ ọ́ di ìpolówó ọjà: "Ẹ di owó yín mú fúnra yín." Ó dùn mí wọra pé àwọn tó fẹ́ ṣọ́ra gan-an ni wọ́n ń dọdẹ.

Gbogbo èèyàn kọ́ ló sì nílò ẹ̀rọ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ OAU tó ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń gba dọ́là díẹ̀, tó sì ń tà á láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, àkáǹtì lórí exchange tó gbajúmọ̀ ti tó o, bí kò bá ṣáà ti fi í ṣe ibi ìfowópamọ́. Oníṣòwò tó ń fi USDT sanwó ọjà fún àwọn ará Ṣáínà lè lo wallet orí fóònù, bíi Trust Wallet. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù fóònù kankan gbowó lọ́wọ́ yín láti bá yín ṣí i, ẹ má sì jẹ́ kó ya fọ́tò ọ̀rọ̀ náà "fún ìpamọ́". Bíírò àti ìwé ni kí ẹ fi kọ ọ́, ẹ̀dà méjì, kí ẹ tọ́jú wọn síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò gbọdọ̀ dé WhatsApp, kò gbọdọ̀ dé inú fọ́tò fóònù.

Ẹni tó fẹ́ fi owó ńlá pamọ́ fún ọdún gbọọrọ ni ẹ̀rọ yẹ. Ẹ rà á lórí ìkànnì Ledger tàbí Trezor, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é, fúnra wọn, tàbí lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn síbẹ̀. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ tuntun, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣa ọ̀rọ̀ jáde sójú rẹ̀ kékeré níṣojú yín. Bí ẹ bá ti bá PIN tàbí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ nínú páálí, ẹ dá a padà, bó ti wù kó dínwó tó.

Bí ẹ bá ti rà á, pípààrọ̀ PIN kò ràn án. Ẹ ṣí wallet tuntun fúnra yín, kí ẹ sì gbé gbogbo owó yín lọ síbẹ̀ lónìí. USDT tó wà lórí Tron, ọ̀kan nínú àwọn blockchain, ń fẹ́ TRX (kírípítò Tron fúnra rẹ̀) díẹ̀ fún owó ìfiránṣẹ́. Bí kò bá sí nílẹ̀, ẹ rà á ní wàrà-ń-ṣeṣà, ẹ má fi í sílẹ̀ kọjá ìṣẹ́jú tí ẹ fẹ́ lò ó, torí olè náà lè kó òun náà.

Bí owó bá sì ti lọ, ẹ tọ́jú àdírẹ́sì tó lọ sí, nọ́ńbà fóònù ẹni tó tà á fún yín àti ẹ̀rí owó tí ẹ san, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ka EFCC tó wà n'Ìbàdàn kí ó tó pẹ́, torí bí owó náà bá balẹ̀ sórí exchange, wọ́n lè kọ̀wé kí wọ́n dá a dúró. Màmá yẹn ò tíì gbé ojú wọn nílẹ̀ tí ẹnìkan fi kàn sí wọn lórí WhatsApp pé ògbógi lòun, òun lè gba USDT wọn padà, kí wọ́n ṣáà san owó iṣẹ́ ná. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kàn sí yín, ẹ má dá a lóhùn, ẹ fún ọlọ́pàá ní nọ́ńbà tiẹ̀ náà.