Àyẹ̀wò Síńkì àti Bàbà Inú Ẹ̀jẹ̀: Ṣé Ó Tó Owó Tí Mo San?

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí àrùn awọ ara tí wọ́n ń pè ní psoriasis ti ń bá mi fínra, ìdí sì nìyẹn tí mo fi lọ sí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ aládàáni kan ní Ìbàdàn láti wọn bí síńkì àti bàbà, èròjà méjì tí ara nílò díẹ̀díẹ̀, ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lọ́yàyà.

Bí wọ́n ṣe gba ẹ̀jẹ̀ náà ni ó kù díẹ̀ káàtó. Síńkì inú ẹ̀jẹ̀ kéré púpọ̀, rọ́bà tí wọ́n fi ń dé ìgò ẹ̀jẹ̀ lásán sì lè ní síńkì tirẹ̀, tí yóò sọ èsì di irọ́. Nítorí náà, ìgò àkànṣe ni ó yẹ kí wọ́n lò, ní òwúrọ̀, kí ènìyàn tó jẹun. Ọ̀sán ni wọ́n gba tèmi, àmàlà ṣì wà níkùn mi, ìgò lásán ni wọ́n sì lò.

Èsì fi hàn pé bàbà ga díẹ̀. Dókítà awọ ara mi ni ó ṣàlàyé pé púrótéènì ceruloplasmin, tí ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú bàbà inú ẹ̀jẹ̀, a máa pọ̀ sí i nígbà tí awọ bá ń pọ́n tí ó sì ń wú, nítorí náà bàbà tí ó ga lè jẹ́ àmì àìsàn dípò okùnfà rẹ̀. Síbẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni ilé àyẹ̀wò náà fẹ́ ta oògùn síńkì fún mi, bẹ́ẹ̀ àlòjù síńkì a máa dín bàbà ara kù ju bó ṣe yẹ lọ. N kò ní san owó yìí lẹ́ẹ̀kejì.