Ẹ̀rọ Atukọ̀ Orí Sítíárì: Ká Tún Un Ṣe ni, àbí Ká Pààrọ̀ Rẹ̀?

Bí ẹ̀rọ atukọ̀ (autopilot, tó ń darí ọkọ̀ fúnra rẹ̀) tó wà lórí sítíárì ọkọ̀ ìgbòkun bá ń kùn, tí sítíárì ò sì yí, bẹ́líìtì inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Eyín rẹ̀ lè ti jẹ, ó sì lè ti fẹ̀ débi tó fi ń yọ̀. Ẹ tú u, ẹ nu eruku dúdú inú rẹ̀ kúrò, ẹ yẹ àwọn róólà wò, kẹ́ ẹ tó fi tuntun sí i. Ẹ má fi gíríìsì kan bẹ́líìtì o! Owó rẹ̀ ò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tuntun.

Ẹ̀rọ atukọ̀ tí wọ́n ń fi sábẹ́ dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn abẹ́ pèpéle ọkọ̀, lágbára ju ti orí sítíárì lọ. Omi òkun kì í ta sí i; bí wọ́n bá sì so ó mọ́ ìtọ́kọ̀ (rudder) gan-an, ó ṣì lè tukọ̀ bí wáyà sítíárì bá já lójú agbami. Àmọ́ ó wọ́n, ó sì máa ń jẹ iná bátìrì.

Ìwúwo ọkọ̀ ni èmi máa ń wò. Iléeṣẹ́ Raymarine tó ń ṣe ẹ̀rọ atukọ̀ sọ pé ọkọ̀ tí EV-100, ẹ̀rọ orí sítíárì wọn, máa tù ò gbọ́dọ̀ wúwo ju 7,500 kílò lọ. Bí ọkọ̀ bá fúyẹ́ dáadáa sí ìyẹn, bẹ́líìtì tuntun ti tó. Bó bá ti ń sún mọ́ ọn tòun tẹrù, bẹ́líìtì á tún jẹ ni; ti abẹ́ dẹ́ẹ̀kì ni kẹ́ ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀.